Ohun tí igi gbígbìn àti àtúnṣe oko ń ṣe sí omi ní agbègbè Àkúrẹ́

Nínú gbogbo gáàsì tí ọmọ aráyé ń tú jáde tó sì ń mú kí ayé gbóná sí i, nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti inú oko, igbó àti ìlò ilẹ̀ ní ọdún 2019. Oko kan náà ló ń lo nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí à ń fà láti inú odò, adágún àti kànga káàkiri àgbáyé. Nítorí náà, bí a bá yí ọ̀nà tí à ń gbà dáko tàbí tọ́jú igbó padà kí ooru ayé lè dínkù, omi yóò mọ̀ ọ́n lára. Ó lè jẹ́ èrè, ó sì lè jẹ́ àdánù. Ohun tó sábà máa ń pinnu èyí tó máa jẹ́ ni ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà kí àtúnṣe tó dé, ìyẹn gan-an sì ni àwọn tó ń polongo igi gbígbìn kì í sábà béèrè.

Ara ewé igi kún fún ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, ń gbà wọlé, tí igi yóò fi oòrùn àti omi sọ ọ́ di oúnjẹ, gbòǹgbò àti ìtì. Àmọ́ nígbàkúùgbà tí ihò náà bá ṣí, omi inú ewé yóò máa gba ibẹ̀ jáde lọ sínú afẹ́fẹ́ bí oru. Igi tó bá ń yára dàgbà, tó ń kó kábọ́ọ̀nù jọ kíákíá, ló sábà máa ń fa omi púpọ̀ láti inú ilẹ̀. Lára òjò tó rọ̀ sórí ewé pàápàá, apá kan máa ń gbẹ síbẹ̀ láì kan ilẹ̀ rárá.

Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2005, tó kó àbájáde láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jọ, fi hàn pé omi tó ń ṣàn nínú odò dínkù ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọ́n ti gbin igi sórí ilẹ̀ tó jẹ́ koríko, igbó ṣúúrú tàbí oko tẹ́lẹ̀. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn odò náà gbẹ pátápátá fún ó kéré tán ọdún kan. Gúúsù Áfíríkà, tí omi kò pọ̀ sí, ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú: òfin omi tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 ka oko igi títà mọ́ iṣẹ́ tó ń dín omi odò kù, ẹni tó bá sì fẹ́ dá irú oko bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Kò yẹ kí a gbé iye yẹn wá sí Àkúrẹ́ bó ṣe rí. Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún máa ń tó nǹkan bí 1,300 sí 1,500 mìlímítà, igbó kìjikìji ló sì bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí àwọn onígẹdú àti àwọn tó ń dáná sungbó tó dé. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́dọọdún, òjò máa ń na ilẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dì. Omi kì í ráyè wọlẹ̀ mọ́, yóò kàn gbá ẹrẹ̀ lọ sínú odò Àlà àti Ọ̀wẹnà ni, ẹrẹ̀ a sì máa gba ààyè omi nínú adágún. Tí igi bá padà sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí gbòǹgbò àti ekòló tún ya á, omi tí ilẹ̀ ń gbà mu lè ju èyí tí igi ń fà lọ.

Bí omi ṣe ń wọlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì níbí nítorí òkúta líle ló wà lábẹ́ Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Inú ilẹ̀ tó jẹrà lórí òkúta náà, àti inú àwọn ibi tí òkúta ti sán, ni omi kànga wà, ààyè rẹ̀ kò sì tóbi. Ohun tí òjò bá fi síbẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni àwọn ará ilé ń fà ní oṣù kìn-ín-ní àti ìkejì, nígbà tí okùn kànga bá ń gùn sí i.

Irú igi àti bí a ṣe tọ́jú abẹ́ rẹ̀ tún ṣe kókó. Ewé tíìkì fẹ̀ púpọ̀: òjò a kóra jọ sórí rẹ̀, a sì já bọ́ láti òkè ní ẹ̀kán ńláńlá. Bí iná ọ̀dá bá ti jó koríko àti ewé gbígbẹ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán wọ̀nyí yóò máa gbẹ́ ilẹ̀, omi ibẹ̀ yóò sì pọ́n. Kábọ́ọ̀nù ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ erùpẹ̀ ń lọ. Ó yàtọ̀ sí oko kòkó àtijọ́ tí obì, ọ̀pẹ àti àyùnrẹ́ ń ṣíji bò. Bí a bá ṣí ewé ilẹ̀ irú oko bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì, ti òkè gbẹ, ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ti ìsàlẹ̀ rọ̀, ó ti ń jẹrà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì tutù sọ́wọ́. Kábọ́ọ̀nù àti omi jọ wà nínú ewé jíjẹrà kan náà ni.

Ó tọ́ láti fi kún un pé omi tí igbó fẹ́ jáde kò ṣòfò tán. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun wá máa ń gbé lára rẹ̀ lọ síwájú, kó tún lè rọ̀ bí òjò níbòmíràn.

Nínú oko, fífi koríko àti pòròpórò bo ilẹ̀ láì máa kọ ọ́ léraléra ń pa kábọ́ọ̀nù mọ́, ó sì ń dín bí omi ṣe ń gbẹ kúrò nínú ilẹ̀ kù. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tí kò kọ ilẹ̀ sábà máa ń fi oògùn pa koríko, oògùn náà a sì máa tẹ̀lé àgbàrá wọ odò tí àwọn ọmọ ń pọn mu. Ti ajílẹ̀ rọrùn jù. Èyí tó bá pọ̀ ju ohun tí àgbàdo lè lò, apá kan rẹ̀ yóò di gáàsì tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 273 ti gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2) ní ìwọ̀n kan náà, apá kan yóò sì rìn wọ kànga. Bí àgbẹ̀ bá dín àṣejù náà kù, afẹ́fẹ́ àti omi jèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìrẹsì tí omi bò lọ́sàn-án lóru máa ń tú mẹ́tíéènì, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, jáde, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe é kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń fa omi sóko, wọ́n lè ri páìpù tí a dá ihò sí lára mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì dúró títí omi yóò fi lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ ojú ilẹ̀ kí wọ́n tó tún tú omi sí i. Ó lè dín omi kù tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí mẹ́tíéènì sì dínkù tó nǹkan bí ìdajì. Àmọ́ bí kànga àdúgbò bá ti gbára lé omi tó ń jò láti oko náà, yóò rí àyípadà.

Àkùrò ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Omi tó dúró sínú ilẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ewé àti gbòǹgbò jẹrà kíákíá, nítorí náà kábọ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ ọdún wà níbẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kòtò láti fa omi rẹ̀ gbẹ, tàbí tí a da yẹ̀pẹ̀ sí i láti kọ́lé, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ létí odò nínú ìlú, ìkún omi tó yẹ kó sinmi níbẹ̀ yóò wọ àdúgbò ẹlòmíràn. Àkùrò ń tú mẹ́tíéènì díẹ̀ jáde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù tí ilẹ̀ rẹ̀ ń tú sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ sábà máa ń pọ̀ débi pé gbígbẹ rẹ̀ kò mú èrè kankan wá fún ojú ọjọ́. Àgbẹ̀ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sórí ebè gíga níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láì fa omi ìsàlẹ̀ gbẹ, lè jẹun níbẹ̀ kí kábọ́ọ̀nù àti omi náà sì wà ní ipò wọn.