Ẹ̀jẹ̀ gínípíìgì ni asparaginase ti bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní Gwagwalada. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé oògùn. Wọ́n á di ìgò kékeré kan sínú fláàsì oníyìnyín fún mi ní Wuse, n óò gbé e lé itan, n óò sì máa bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó má dúró kó èrò ní Zuba. Ìyẹ̀fun funfun bíńtín ló wà nísàlẹ̀ ìgò náà, asparaginase lorúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi bi nọ́ọ̀sì pé kí ni wọ́n fi ṣe é.

"Ara bakitéríà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, Mọ́mì."

Nọ́ọ̀sì ò parọ́. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan bakitéríà, ẹ̀jẹ̀ ẹran ni.

Ní 1953, John Kidd ní Yunifásítì Cornell, New York, ń wá bóyá ẹ̀jẹ̀ ehoro lè bá jẹjẹrẹ jà lára èkúté. Kí ti ehoro lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń fi omi rúsúrúsú tó máa ń yọ lójú ẹ̀jẹ̀ gínípíìgì kún un. Ẹ mọ gínípíìgì: ẹran kékeré tí ò nírù, tí mo kọ́kọ́ rí ní Jos níbi tó ti ń sá kiri abẹ́ àga ìdáná. Kidd wá fún àwọn èkúté kan ní ti gínípíìgì nìkan, kó lè fi wọ́n wé àwọn yòókù. Àwọn yẹn gan-an ni kókó ara wọn rọ, tó sì pòórá. Ó dán ti ẹṣin àti ti ehoro lásán wò, kò jẹ́. Ẹni tí wọ́n ní kó wá bá wọn ru ẹrù ìyàwó ló di ọkọ.

Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà? Kidd ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Clementi ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1922 pé ẹ̀jẹ̀ gínípíìgì ní ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá nínú ara, tó ń fọ́ asparagine, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ so ìyẹn mọ́ jẹjẹrẹ? Asparagine ni amínò ásíìdì, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ara, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ láyé. Vauquelin àti Robiquet ló rí i ní Paris ní 1806, nínú omi asparagus, ẹ̀fọ́ tó rí bí ọ̀pá tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ní Maitama.

Ọdún mẹ́jọ kọjá kí John Broome tó so ó pọ̀ ní 1961: asparaginase, ẹ́ńsáìmù Clementi yẹn, ló ń pa kókó náà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ sí i wàràwàrà nílò amínò ásíìdì púpọ̀ láti fi mọ ara tuntun. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ló lè se asparagine tiwọn fúnra wọn. Sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe ọmọ náà kì í sábà lè sè tó. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń rà á jẹ, bí àpọ́n Nyanya tí kò ní sítóòfù. Oògùn yìí ò fi májèlé pa àpọ́n. Búkà ló tì.

Ṣùgbọ́n gínípíìgì mélòó lèèyàn fẹ́ pa kó tó rí oògùn ọmọ kan? Mashburn àti Wriston ló yanjú ìyẹn ní 1964: wọ́n rí ẹ́ńsáìmù náà lára E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa, ó sì pa kókó lára èkúté bákan náà. Bakitéríà ò ṣòro sìn. Ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà.

Kì í dá ṣiṣẹ́. Àwọn àpọ́n kan máa ń ra sítóòfù: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń se asparagine, oògùn ò sì ní ràn wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn jẹjẹrẹ mìíràn bíi vincristine. Ara ẹlòmíràn sì máa ń kọ ti E. coli pátápátá, ti bakitéríà mìíràn, Erwinia, ni wọ́n máa ń wá fún irú wọn.

Nítorí kíkọ̀ yẹn, bí nọ́ọ̀sì bá ti gún ọmọ wa tán, kò ní lọ. Á fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, á jókòó fún wákàtí kan gbáko, á máa ṣí aṣọ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ ń lé.