Ìfarapa orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ìtọ́jú pàjáwìrì

Ìfarapa orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọṣẹ́ tí ìṣubú, ìjàǹbá ọkọ̀, ọta ìbọn, ìjà tàbí eré ìdárayá bá ṣe fún agbárí, ọpọlọ, egungun ẹ̀yìn àti okùn iṣan inú rẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ fún gbogbo ara. Àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tó le débi tó fi mú ènìyàn dákú lè ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó dákú kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún. Wọ́n á ka ọrùn náà sí èyí tó ṣẹ́ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò ṣẹ́.

Ọṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan gbá ènìyàn. Kò sí dókítà tó lè dá a padà. Ọṣẹ́ kejì, tó ń tẹ̀ lé e láàárín wákàtí àti ọjọ́ mélòó kan, ni iṣẹ́ pàjáwìrì dojú kọ: ọpọlọ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú agbárí, ọ́síjìn ń dín kù. Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀ sí i, nítorí náà ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ àti wíwú yóò máa fún. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ kò tó 90, tàbí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ń ba ìrètí aláìsàn jẹ́ gidigidi, bí kò tiẹ̀ ju ìgbà díẹ̀ lọ. Egungun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù fún, ṣùgbọ́n èémí àti ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú.

Níbi ìjàǹbá, ẹnì kan á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú kó má baà yí, ẹlòmíràn á wo ọ̀nà èémí. Wọn kì í tẹ orí sẹ́yìn. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tì síwájú kí ahọ́n lè kúrò lójú ọ̀nà. Bí aláìsàn bá fẹ́ bì, orí, ọrùn àti ara ni wọ́n á jọ yí sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹni tó bá fara pa ni wọ́n ń fi kọ́là, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ọrùn mira, sí lọ́rùn, tí wọ́n ń dè mọ́ pátákó líle. Àṣà yẹn ti yí padà. Pátákó líle ń dá egbò sí ẹ̀yìn, ó sì ń ni mímí lára; kọ́là tó bá fún jù lè dí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ti orí sọ̀kalẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àti ti àwọn dókítà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé dídín mímira ọ̀pá ẹ̀yìn kù ló yẹ kó jẹ́ èrò, àti pé ẹni tí ọta tàbí ọ̀bẹ gún kò nílò dídè náà.

Òṣùwọ̀n Glasgow, tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974, ni wọ́n fi ń mọ bí iyè ṣe jí tó. Ó ń wo ojú lílà (máàkì 4 ló pọ̀ jù), ọ̀rọ̀ sísọ (5) àti bí ara ṣe ń mira (6). Ẹni tó jí pérépéré gba 15. Ẹni tí kò dáhùn sí ohunkóhun gba 3. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìfarapa náà le, aláìsàn sì sábà máa ń nílò rọ́bà nínú ọ̀nà ọ̀fun kó lè máa mí. Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ẹni tó ti 15 já sí 13 láàárín wákàtí kan ń fẹ́ ìtọ́jú kánjúkánjú ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 13 tó sì ń gòkè bọ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya sí àárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ lè tan ènìyàn jẹ. Ẹni náà á dákú, á jí, á máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ara gbogbo ènìyàn á balẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á máa bì, oorun á máa gbé e lọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti bọ́ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ. Bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń gòkè nígbà tí ọkàn ń lù díẹ̀díẹ̀, tí mímí kò sì lọ déédéé mọ́, ẹ̀mí wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Omi tó mọ́ gaara láti imú tàbí etí, tàbí ẹ̀yìn etí tó dúdú, ń tọ́ka sí i pé ìsàlẹ̀ agbárí ti là. Wọn kì í ti rọ́bà gba imú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìṣubú tí kò jọ nǹkan kan.

Nínú egungun ẹ̀yìn 33, méje ló wà ní ọrùn. Àárín ọrùn ni iṣan tó ń pàṣẹ mímí ti ń jáde. Bí okùn iṣan bá já lókè ibẹ̀, ènìyàn kò ní lè mí fúnra rẹ̀. Ìfarapa ọrùn tún lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kó sì fẹ̀: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn á lọ́ra, awọ ara á sì gbóná, èyí tó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹ̀jẹ̀ nínú àyà àti ikùn, nítorí pé òun ló ń yára pani jù.

Ní ilé ìwòsàn, àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ X-ray àti kọ̀ǹpútà ń yà, tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn ní London ní 1971, ló ń fi ẹ̀jẹ̀ inú agbárí hàn. Wọ́n lè gbé orí ibùsùn sókè ní ìwọ̀n dígírì 30, kí wọ́n fún aláìsàn ní mannitol (oògùn tó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ) tàbí omi oníyọ̀ tó nípọn, tàbí kí oníṣẹ́ abẹ dá ihò sí agbárí láti fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìwádìí ńlá kan lórí ìfarapa orí, tí wọ́n pè ní CRASH, tó lo aláìsàn tó ju 10,000 lọ, fi hàn pé oògùn sítẹ́rọ́ìdì (tó ń dín wíwú kù) tí wọ́n ti ń lò fún ọdún pípẹ́ ń mú ikú pọ̀ sí i. Ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e, CRASH-3, ní 2019, fi hàn pé tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) láàárín wákàtí mẹ́ta lè dín ikú kù fún àwọn tí ìfarapa orí wọn kò le jù.

Ẹni tí wọ́n bá dá padà sílé gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ó sì tètè padà sí ilé ìwòsàn bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá gbé e, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tàbí bí ó bá ṣòro láti jí i.