Òṣùwọ̀n kọ́ ló ń sọ akọ mọ́námọ́ná di bàbá

Ẹni tó bá ra ọmọ mọ́námọ́ná akọ kò ní pẹ́ gbọ́ òfin kan lẹ́nu àwọn tó ti ń sin ejò ṣáájú rẹ̀: "Jẹ́ kó wọn 700 gíráàmù kó o tó fi sọ́dọ̀ abo." Ẹlòmíràn á ní 500 ti tó. Ẹlòmíràn á ní ó di dandan kó pé ọdún méjì. Iye tí wọ́n ń pè kò bára mu, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn gbà gbọ́, pé òṣùwọ̀n tàbí kàlẹ́ńdà ló ń sọ ìgbà tí akọ gbó. Kò rí bẹ́ẹ̀, ejò kéékèèké ló sì ń jìyà ìgbàgbọ́ yìí.

Mọ́námọ́ná tí mò ń wí ni erè kékeré inú koríko àti oko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ roboto, tí á fi orí pamọ́ sáàárín, bí ẹ̀rù bá bà á. Ball python ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, royal python ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní ojúbọ Dàngbé, òrìṣà erè, ní Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin. Gánà, Tógò àti Benin ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sókè òkun, kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn bímọ nínú ilé.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ abo ni wọ́n ti yá òfin ìwọ̀n yìí. Ní ti abo, òfin náà dára. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló máa fi ṣe ẹyin, ẹyin náà sì tóbi. Ó lè yé ẹyọ kan, ó lè yé mọ́kànlá, bíi mẹ́fà ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn èyí, á ká ara mọ́ wọn, á sàba lé wọn fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun. Abo tó bá rù kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń dúró títí á fi tó 1,500 gíráàmù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ akọ kì í ṣe ẹyin. Àtọ̀ ni tirẹ̀, àtọ̀ kò sì gba ọ̀rá púpọ̀ lára.

Kò sẹ́ni tí í gbé àkùkọ lé òṣùwọ̀n kó tó mọ̀ pé ó ti gbó. Kíkọ rẹ̀ là ń gbọ́, bó ṣe ń lé abo kiri là ń wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká ṣe fún ejò yìí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ ni pé akọ máa ń gbó láàárín oṣù 16 sí 18, abo láàárín oṣù 27 sí 31. Nínú ilé tí oúnjẹ kì í wọ́n, akọ mìíràn á ti ṣetán kó tó pé ọdún kan. Síbẹ̀ ẹ lè rí akọ tí wọ́n fi eku bọ́ yó títí ó fi kọjá 700 gíráàmù, tí kò sì mọ ohun tí abo wà fún, kí ẹ tún rí èyí tí kò tó 500 tó ti ń ṣe iṣẹ́ akọ. Oúnjẹ lè mú ara tóbi kíákíá ju bí àgbà ṣe ń dé lọ.

Àmì tó yẹ ká kọ́kọ́ wá wà nínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀yà ìbímọ akọ ejò jẹ́ méjì, inú ìdí ìrù ni wọ́n sùn sí. Bí akọ bá ń gbó, nǹkan bí ìda, funfun tàbí pupa rúsúrúsú, tó gùn tó sì tín-ín-rín, á máa jáde níbẹ̀. Sperm plug ni àwọn olùsìn ejò ń pè é. Ẹ lè bá a lórí bébà tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ìdí awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ìgbàgbọ́ òdì kejì wà níbí: àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti rí i, ọ̀rọ̀ parí. Rárá o. Ó ń sọ pé ara ti ń múra ni. Ìda náà lè jáde kí àtọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ má tíì sí nínú rẹ̀. Dókítà ẹranko tó ní maikirosíkópù ló lè fi ojú rí i pé àtọ̀ wà níbẹ̀ tó ń rìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ìka tẹ ìdí ìrù akọ kí ẹ lè fi agbára ti ẹ̀yà rẹ̀ jáde. Iṣan ibẹ̀ le, ẹ lè ṣe é léṣe tí kò ní san mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwà. Akọ tó gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àpótí lóru, á kọ eku tó máa ń fò mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi í sọ́dọ̀ abo, á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa fi èékánná kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀ họ ọ́ lára, á sì máa wá bí yóò ṣe ki ìrù bọ abẹ́ tirẹ̀. Èyí tí kò tíì gbó á lọ ká jọ sí igun. Ẹ mú un jáde, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

Ẹ rántí pé àsìkò náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú igbó, àárín oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń gun ara wọn, nígbà òjò kékeré. Akọ tí kò bìkítà fún abo ní oṣù kẹfà lè jẹ́ akọ pátápátá. Ó sì tún lè jẹ́ abo! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi gígùn èékánná yẹn mọ akọ, bẹ́ẹ̀ abo náà ní in, èékánná náà sì máa ń jẹ, á kúrú. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ inú ihò ìdí rẹ̀ wò bóyá akọ ni, kí ẹ tó dá ejò lẹ́bi.

Ibi tí ọkàn mi wà jù nìyí: pé akọ lè gun abo kò túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ gbé e. Akọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lè máa kọ oúnjẹ fún oṣù bíi mélòó kan. Àgbà akọ á fara dà á. Ọmọdé tó ṣì ń dàgbà á rù, ìdàgbàsókè rẹ̀ á sì dúró. Owó ló sì ń fa ìkánjú náà. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n, olówó rẹ̀ á fẹ́ kó gun abo márùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́.

Níbí ni òṣùwọ̀n ti wúlò. Ẹ wọn akọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Abo kan, ó pọ̀ tán méjì, ti tó fún un lọ́dún àkọ́kọ́. Kó lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ abo, kó padà sínú àpótí tirẹ̀, kó sinmi, kí ẹ sì fi eku lọ̀ ọ́ kó tó tún lọ. Bó bá ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ nù, ní tèmi, iṣẹ́ ọdún náà ti tán, ì báà jẹ́ pé abo kò tíì lóyún.