Ibi Tí Ẹ̀dínwó Wà Nínú Owó Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Òkun fún Ẹni Tó Ń Ti Ọ̀yọ́ Lọ

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun (cruise), èyí tí èrò ń sùn nínú rẹ̀ bó ṣe ń gbé wọn láti èbúté kan sí òmíràn, kì í ní iye owó kan pàtó. Yàrá kan náà, nínú ọkọ̀ kan náà, lè jẹ́ iye kan láàárọ̀ Mọ́ńdè kó sì ti yí padà kó tó di Ọjọ́rú. Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣọ́ iye yàrá tó ṣófo àti iye ọjọ́ tó kù kí ọkọ̀ gbéra, òun ló sì ń gbé owó sókè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ra tòmátò ní Akẹ̀sán nírọ̀lẹ́ mọ ohun tó fà á: ìyá olójà tó mọ̀ pé ọjà òun kò ní í di ọ̀la yóò gba iye tó bá rí. Yàrá tó bá ṣófo nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní èbúté, owó rẹ̀ ti wọmi nìyẹn. Ẹni tó bá sì gba yàrá náà ní ẹ̀dínwó yóò ṣì ra ọtí, yóò ṣì ra aṣọ, yóò ṣì sanwó kí wọ́n mú un rìn kiri ìlú tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí. Nítorí náà, kí ọkọ̀ kún ló jẹ iléeṣẹ́ lógún jù.

Èyí ló jẹ́ kí àwọn òyìnbó máa gba ara wọn níyànjú pé kí ènìyàn dúró di ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó ń gbé ní Miami tàbí Southampton, tó lè wa mọ́tò rẹ̀ dé èbúté. Kò wúlò fún ẹni tó ń gbé ní Òwódé tàbí Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Físà kì í tètè jáde bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Èkó sì máa ń wọ́n sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń súnmọ́. Ohun tí ọkọ̀ bá yọ, bàálù lè gbà á padà kó tún lé lórí. Ẹ̀dínwó tiwa wà nínú oṣù tí a bá mú, nínú èbúté tí a bá mú, àti ní pàtàkì jù lọ, nínú àkókò tó wà láàárín àsansílẹ̀ àti owó tó kù.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá owó kan pọ̀ tàbí ó kéré, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ìpolówó kọ 600 dọ́là fún òru méje nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Iye ti ẹnì kan ni, wọ́n sì ti gbà pé ènìyàn méjì ni yóò sùn síbẹ̀. Owó èbúté àti owó orí ìjọba tún wà, ká pè é ní 140. Owó ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ náà wà, tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 18 dọ́là lóòjọ́, ó di 126. Àpapọ̀ rẹ̀ 866 dọ́là fún ẹnì kan, 1,732 fún tọkọtaya. Ẹni tó bá dá lọ kò ní í san 866 o: wọ́n máa ń gba owó ibùsùn kejì tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà 1,200 ni owó yàrá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì di 1,466. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin nínú yàrá kan náà ló máa ń rí owó tó rọjú jù, àwọn iléeṣẹ́ kan kì í tilẹ̀ gba owó yàrá lọ́wọ́ ọmọdé, owó èbúté nìkan ni wọ́n ń gbà. Ìdí rèé tó fi sàn kí ẹbí kó jọ sínú yàrá kan ju kí wọ́n pín sí méjì, bó tilẹ̀ há wọn díẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, òfin ìpínlẹ̀ California ti sọ ọ́ di dandan pé kí owó èbúté wà nínú iye tí wọ́n bá polówó, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Owó ẹ̀bùn òṣìṣẹ́ kò sí lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìpolówó Amẹ́ríkà wé ti orílẹ̀-èdè mìíràn ní láti wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n kà.

Oúnjẹ wà nínú owó: ilé ìjẹun ńlá àti ibi tí ènìyàn ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ọtí, mínírà, íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn ilé oúnjẹ àkànṣe kò sí níbẹ̀. Owó ọtí àpapọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ọjọ́ ìrìn-àjò kì í ṣe fún ẹni tí kì í mutí, pàápàá nítorí pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá ra á, ìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rà á pẹ̀lú. Kí fóònù sì wà ní ipò bàálù látìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra, torí owó ìpè láàárín òkun ga gan-an.

Yàrá tí kò ní fèrèsé ló pọ́ọ́kú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ní fèrèsé, lẹ́yìn náà èyí tó ní bálíkóní. Ẹni tó bá gbà kí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ yan nọ́ńbà yàrá fún un máa ń san owó tó kéré sí i. Ọkọ̀ tuntun máa ń wọ́n ju ọkọ̀ tó ti pẹ́ lọ. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024 tó sì lè gba èrò tó lé ní 7,000, kì í ṣe ibi tí ẹni tó ń wá owó pọ́ọ́kú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oṣù, ìgbà tí àwọn ọmọ òyìnbó bá wà ní ìsinmi ló ń wọ́n: oṣù keje, oṣù kẹjọ, Kérésìmesì, Àjíǹde. Lórí òkun Mẹditaréníà, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá rọjú, oòrùn sì ṣì wà. Ní Caribbean, owó máa ń wálẹ̀ láti ìparí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn àsìkò ìjì líle nìyẹn, ọkọ̀ sì lè yí ọ̀nà padà.

Físà ló ń pinnu èbúté. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà kéde pé físà ìbẹ̀wò fún ọmọ Nàìjíríà yóò di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Miami, tó lọ sí Bahamas, tó sì padà sí Miami, ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ni fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin wọn sì ń yí padà lemọ́lemọ́: ní oṣù kejìlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn yóò dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò dúró láti oṣù kìíní 2026. Ọkọ̀ tó gbéra ní Barcelona tó kan Marseille, Genoa àti Naples kò kúrò lábẹ́ físà Schengen kan ṣoṣo, ìyẹn físà kan tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí owó ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024. Bí ọ̀nà náà bá ya Tunis tàbí Túrkì kó tó padà, ó di físà ìwọlé púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Caribbean kọjá sí Yúróòpù ní oṣù kẹrin máa ń ní owó òru tó kéré gan-an, àmọ́ físà méjì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́.

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń tò fún tọkọtaya kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Barcelona ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta ni àwọn iléeṣẹ́ máa ń gbé ẹ̀dínwó ńlá àti owó ọ̀fẹ́ tí èrò lè ná nínú ọkọ̀ síta. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n san àsansílẹ̀, irú èyí tí wọ́n lè dá padà. Èyí tí kì í padà máa ń rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí kò tíì ní físà sún mọ́ ọn rárá. Schengen ń gba ìwé ìbéèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ìyẹn ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Kí wọ́n ti gba àyè ìpàdé sílẹ̀, kí wọ́n sì ka owó mọ́tò dé Èkó fún ìtẹ̀ka mọ́ owó ìrìn-àjò. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń gba owó tó kù ní 90 ọjọ́ ṣáájú, ọjọ́ 12 oṣù keje nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko wà láàárín, kí físà jáde tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́, kó tó di pé owó ńlá jáde lọ́wọ́ ẹni.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kí wọ́n máa wo owó yàrá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá wálẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yóò gbà láti yí i sí iye tuntun bí ènìyàn bá béèrè. Bí kò bá béèrè, wọn kò ní í sọ ọ́. Kí wọ́n wo náírà náà: owó dọ́là lè dúró sójú kan kí ti náírà gòkè, torí náà ó dára kí wọ́n máa kó dọ́là jọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣojú tó ń bá ènìyàn gba yàrá ọkọ̀ ni wọ́n lò, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló sábà máa ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà iye rẹ̀ kò yẹ kó ju ti iléeṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó bá fún wọn gbọ́dọ̀ ṣí lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kó gbé orúkọ wọn àti iye tí wọ́n ti san jáde. Aṣojú tó bá ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì ara òun, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló kẹ́yìn. Ẹ̀rí pé a ti gba àyè sílẹ̀ tó fún ìbéèrè físà, kò dìgbà tí wọ́n bá sanwó rẹ̀ tán. Bí físà bá ti dọ́wọ́, kí wọ́n ra èyí tí yóò gbé wọn dé Barcelona ní ọjọ́ 9, kí wọ́n sì fi owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kún ìṣirò, nítorí ọkọ̀ kì í dúró de èrò tí bàálù rẹ̀ pẹ́.