Kí ni wọ́n ń pè ní ìdánwò mútáǹtì?

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé páànù ilé tí a gbà ní Kubwa ti lu. Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Irú nǹkan yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn onímọ̀ ewéko.

Jíìnì ni àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Arabidopsis, ewéko kékeré kan tí òun àti kábéèjì jẹ́ ẹbí kan náà, ni wọ́n sábà fi ń ṣèwádìí. Ọdún 2000 ni wọ́n ka jíìnì rẹ̀, ó lé ní 25,000. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí mímọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ba jíìnì kan ṣoṣo jẹ́, kí wọ́n lè wo ohun tí ewéko náà kò ní lè ṣe mọ́. Ewéko bẹ́ẹ̀ ni mútáǹtì. (Orúkọ yẹn ń dẹ́rù bani, àfi bíi pé ó fẹ́ hùwo.)

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá. Ẹ bomi rin ín, ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀, á dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, jíìnì mìíràn tó jọ ọ́ ló ń bá a ṣe é. Nígbà mìíràn, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tíì pé. Wọ́n á wá fi ọ̀dá dán an wò, wọ́n á fi otútù, ooru, òkùnkùn. Arabidopsis tí wọ́n ba jíìnì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ SOS1 jẹ́ kò ní ìṣòro kankan tó hàn, àfìgbà tí wọ́n bu iyọ̀ sí i: ó rọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Èròjà tí SOS1 ń mú wá ló ń ti sódíọ̀mù inú iyọ̀ jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì.

Èyí tó kan àwa ará òkè Ọya jù ni ti ọkà bàbà. Àwọn àgbẹ̀ ìhà Zaria mọ Striga, èpò kan tí àwọn Hausa ń pè ní wuta-wuta: òdòdó rẹ̀ rẹwà, gbòǹgbò ọkà ló ń fà mu. Hóró rẹ̀ lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, oje tó ń ti gbòǹgbò ọkà jáde ló ń jí i. Àwọn ọkà bàbà kan wà tí jíìnì LGS1 wọn ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Oje tiwọn yàtọ̀, púpọ̀ nínú hóró Striga kì í gbọ́ ìpè rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí kò sí Striga, ta ni yóò mọ̀? Kódà lórí ilẹ̀ tó wà, bí ẹ kò bá gbin èyí tí LGS1 rẹ̀ pé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lè rò pé ilẹ̀ ló mọ́.