Bí Kọ́míìkì Àtijọ́ Ìlú Ọba Ṣe Di Ohun Ìpamọ́

Mo ra Beano kan, kọ́míìkì (ìwé ìtàn aláwòrán) àwọn ọmọdé tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọjà àlòkù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ti ọdún 1962. Ní igun òkè ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà síbẹ̀: 14. Kì í ṣe iye owó ìwé náà. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ládùúgbò ló máa ń kọ irú rẹ̀, kí ọmọ tó ń pín ìwé kiri láàárọ̀ lè mọ ilé tí yóò jù ú sí. Ilé kẹrìnlá ni, ní òpópónà kan tí n kò lè mọ̀ láé. Ọmọ kan dúró de ìwé yìí nínú ilé yẹn. Ó kà á, ó fi báírò ya awò ojú sójú ajá kan nínú rẹ̀, ó sì wá ìdáhùn sí àlọ́ inú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ọ̀sẹ̀ yí po, òmíràn dé.

Ìwé náà ti di àwọ̀ ògì bàbà báyìí. Tí mo bá ṣí i, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣí i, nítorí etí rẹ̀ ń bù bí ìpékeré. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ṣì wà. Kò sí ẹni tó ṣe é kó lè pẹ́. Bí a ti ń fi ìwé ìròyìn àná wé ẹ̀pà nílé ni wọ́n ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dáná tàbí jù ú sí ààtàn lọ́hùn-ún. Kí ó tó di ohun tí èèyàn ń wá kiri, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ìtàn ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọdé kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kọ́míìkì fún. Ọdún 1874 ni Funny Folks jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́bí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni Ally Sloper's Half Holiday dé. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, tó ní ààbọ̀ ọjọ́ péré láti fi sinmi. Sloper jẹ́ baba onímú pupa tó máa ń gba kọ̀rọ̀ sá lọ tí ẹni tó ń gba owó ilé bá ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1890, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Harmsworth, ẹni tó dá ìwé ìròyìn Daily Mail sílẹ̀ nígbà tó yá, gbé Comic Cuts jáde. Kọ́bọ̀ kan ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta tiwọn. Éépìnnì ló ta tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ gan-an. Ọjà tú yáyá. Ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn fẹ́ tà ní éépìnnì kò lè jẹ́ ìwé gidi. Igi tí wọ́n lọ̀ láìyọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdọ̀tí yẹn náà ló sì ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ikú rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó mú kọ́míìkì wọ inú ayé ọmọdé pátápátá wà ní Dundee, ìlú ẹ̀bá omi ní Scotland. Ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson ti ń tẹ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọkùnrin tipẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ló kún inú wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1937, wọ́n gbé The Dandy jáde ní kọ́bọ̀ méjì. Àwòrán ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn inú àwòrán nínú òbìrìkìtì funfun, dípò kí wọ́n tò ó sísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ́ inú ìwé ilé-ìwé. Wọ́n fi fèrè kékeré kan ṣe èènì. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1938 ni The Beano tẹ̀lé e, ìbojú ni èènì tirẹ̀.

Nínú Dandy àkọ́kọ́ yẹn ni Desperate Dan ti jáde, géńdé tó ń fi iná jó irùngbọ̀n rẹ̀ dípò abẹ, tó ń jẹ páì tí wọ́n fi odindi màlúù ṣe, tí ìwo méjèèjì ṣì yọ síta nínú abọ́. Dudley Watkins ló ya á. Tí ẹ bá rí bí Watkins ṣe ń ya ọwọ́ Dan, tí ìka kọ̀ọ̀kan nípọn bí ọmọ-odó, ẹ ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò fi iṣẹ́ ọmọdé ṣeré. Tábìlì ìyàwòrán rẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1969.

Ogun dé ní 1939. Ìwé wọ́n gógó, nítorí òkè òkun ni ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Láti 1941 títí di 1949, Dandy àti Beano kò lè jáde lọ́sẹ̀ kan náà mọ́. Bí ọ̀kan bá jáde lọ́sẹ̀ yìí, èkejì yóò dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan kan wà tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìjọba ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n kó ìwé àlòkù jọ fún ogun, àwọn kọ́míìkì náà sì ń bá wọn kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kó ìwé sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì kó kọ́míìkì tiwọn náà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ kò fi tó nǹkan lónìí. Beano àkọ́kọ́ tà ju 440,000 lọ, ẹ wá a lónìí kí ẹ wò ó. Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló fà á ya, wọ́n sì rò pé ohun tó dára ni wọ́n ń ṣe, ó sì dára lóòótọ́.

Lẹ́yìn ogun ni ayé kọ́míìkì wá gbóná. Ní 1950, Beano súnmọ́ mílíọ̀nù méjì lọ́sẹ̀ kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1951 ni Dennis the Menace wọ inú rẹ̀, ọmọ orí rúdurùdu tí David Law yà. Ọjọ́ tí ó dé orí àtẹ gan-an, ọjọ́ 12, ni Dennis mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà délẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó yà wọ́n gbúròó ara wọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé tí òkun là láàrin. Kò pẹ́ sí i ni Leo Baxendale gbé Minnie the Minx wá, tó sì ya àwọn ọmọ kíláàsì tí a mọ̀ sí Bash Street Kids, ewé kan tó kún fọ́fọ́ débi pé èèyàn lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tún rí ohun tuntun ní igun rẹ̀. Kò sí orúkọ Baxendale níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán kì í sábà fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn nígbà yẹn. Baxendale gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù nígbà tó yá, ọdún méje ni ẹjọ́ náà gbà kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí ní 1987.

Mi ò lè fo kọ́míìkì Eagle. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní Southport, Marcus Morris, ló dá a sílẹ̀, nítorí kọ́míìkì adẹ́rùbani tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ lóminú. Kò kàn wàásù lòdì sí i. Òun àti ayàwòrán Frank Hampson jókòó, wọ́n ṣe èyí tó dára jù ú lọ, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1950, ní tọ́rọ́. Hampson ló ya Dan Dare, awakọ̀ ojú sánmà. Ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, kí wọ́n wọ aṣọ, kí wọ́n ṣe bí ẹni inú ìtàn, kí wọ́n ya fọ́tò wọn, kó tó fi gègé kan ìwé. Ìwé tí wọ́n tẹ Eagle sórí rẹ̀ sàn, àwọ̀ rẹ̀ sì mú. Ẹ̀dà rẹ̀ tí mo ti dì mú rí ṣì ń dán.

Àmọ́ ìwé dáadáa kò ní kí ọjà má kú. Tí kọ́míìkì kan kò bá tà mọ́, òmíràn a gbé e mì, wọn a sì kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ bí ìròyìn ayọ̀. Lion gbé Eagle mì ní 1969, Valiant gbé Lion mì ní 1974, Battle gbé Valiant mì ní 1976. Nígbà tí wọ́n tún jí Eagle dìde ní 1982, òun ló wá gbé Battle mì ní 1988. Dandy fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀dà orí ìwé tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 2012, ọdún 75 géérégé sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde. Beano ṣì wà.

Ta ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n mọ́? Kì í ṣe àwọn tó tẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni pé òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí ilé-ìkàwé ìjọba, ṣùgbọ́n àwòrán àkọ́kọ́ tí ayàwòrán fi ọwọ́ yà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló jẹ́ kó ṣègbé. Àwọn ọmọ tó dàgbà ló ṣe é. Èyí tó ṣe gudugudu méje nínú wọn ni Denis Gifford, tí wọ́n bí ní 1927. Òun àti Bob Monkhouse, tó di gbajúmọ̀ aláwàdà, jọ lọ sí ilé-ìwé Dulwich College, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ́ olólùfẹ́ kọ́míìkì. Gifford di ayàwòrán, kò sì jáwọ́ nínú kíkó kọ́míìkì jọ. Ní 1975, ó tẹ ìwé kan tó to orúkọ àwọn kọ́míìkì Ìlú Ọba láti 1874 dé 1974. Ẹ rò ó wò: ọgọ́rùn-ún ọdún ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà sí pàǹtí, ẹnì kan jókòó tì í, ó ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ní 1978 ó dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó ní ìdì Beano lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Owó tẹ̀lé e, bó ti máa ń rí. Ní 2004, wọ́n ta Dandy àkọ́kọ́ kan ní gbàǹjo, tòun ti fèrè rẹ̀, ní ohun tó ju 20,000 pọ́n-ùn lọ. Fèrè yẹn ló gbé owó náà ga, torí ọmọ wo ni yóò gba fèrè tí kò ní fọn ún títí yóò fi bàjẹ́? Ọ̀dọ̀ oníṣòwò, kọ́míìkì tí ọmọ ti ya nǹkan sí lára kò níye lórí. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Awò ojú tí wọ́n ya sójú ajá tèmi yẹn ni ẹ̀rí pé ìwé náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ gọ́ọ̀mù rẹ̀ a di àbàwọ́n pupa tí kò ṣeé yọ. Ibi tí irin tín-ín-rín bá ti di àárín ìwé mú, ọ̀rinrin a mú kó dógùn-ún, a sì jẹ ìwé náà láti inú. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ọ̀rá tó dára pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì, níbi tí kò gbóná, tí kò tutù rin. Òkè àjà kọ́. Kí ẹ sì máa kà á. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń ka tèmi, lẹ́yìn tí mo bá fọ ọwọ́ epo nù.

Láti 2016, ilé-iṣẹ́ Rebellion ní Oxford ti ra ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ kọ́míìkì àtijọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì ń tún wọn tẹ̀. Níbi tí àwòrán àkọ́kọ́ bá ti sọnù, ẹ̀dà tí ẹnì kan tọ́jú ni wọ́n fi ń ṣe é.

Apá kan ìtàn yìí sì jẹ́ tiwa gan-an. Ní 1975, wọ́n ṣe kọ́míìkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún títà ní Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ ni Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú. Donne Avenell àti Norman Worker ló kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á ní àyàgbà. Wọ́n fi nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn òǹkàwé kò ní mọ èyí tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà làwọn méjèèjì lọ sí kọ́míìkì 2000 AD ní Ìlú Ọba, tí òkìkí wọn sì kàn káyé. Ọdún 1988 ni àwọn ará Ìlú Ọba tó rí iṣẹ́ yẹn rà nílé wọn, pẹ̀lú orúkọ akọni náà tí wọ́n ti yí padà, torí pé ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ti ń lo èyí tó jọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti kà á tipẹ́ kí wọ́n tó gbọ́.

Mi ò tíì fojú kan ẹ̀dà kan tí wọ́n tà nílé. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ní 1975, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì àti ìwé-ẹ̀rí. Tí ẹ bá rí ìwé aláwòrán tí nọ́ńbà wà nínú àwòrán rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé ẹ̀pà.