Kí Ló Ń Lé Òṣìṣẹ́ Tó Mọṣẹ́ Lọ?

Kí òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn aláṣẹ á máa wádìí ẹni tó fi owó gọbọi fà á lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó lé e wà nínú ilé iṣẹ́ wọn gan-an.

Ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ẹni tó máa ń dá àbá nípàdé, tó máa ń kìlọ̀ pé ẹ̀rọ kan fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, á dákẹ́. Ó ti sọ ọ́ títí, wọn ò dá a lóhùn. Nígbà mìíràn sì rèé, ọ̀gá á gba àbá rẹ̀, á gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá àgbà bíi pé òun ló rò ó. Ọ̀gá tí kò fura á rò pé nǹkan ti rọgbọ nítorí pé àròyé ti dínkù, kò mọ̀ pé ẹni tó ń ṣàròyé ṣì ń retí àtúnṣe ni. Ẹni tó dákẹ́ yẹn ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Ti owó náà wà ńbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti lo ọdún mẹ́fà, tí owó oṣù rẹ̀ ń gorí díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ wá gba ẹni tuntun sí irú ipò kan náà, wọ́n ń san ju tirẹ̀ lọ fún un, nítorí pé iye tí wọ́n ń gbà níta nìyẹn. Òun náà ni wọ́n tún ní kó kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́. Ọjọ́ tó bá mọ iye tí ẹni tó ń kọ́ ń gbà, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, torí àwọn ni ibòmíràn ń wá. Iṣẹ́ wọn kì í bá wọn lọ. Àwọn tó kù ni wọ́n máa ń pín in fún, láìfi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Àwọn yẹn náà á wá rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1913, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Michigan gba òṣìṣẹ́ tó lé ní 52,000, kí iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè dúró sí nǹkan bíi 14,000. Kálukú ń ṣe nǹkan kékeré kan ṣoṣo ní àṣetúnṣe látàárọ̀ dalẹ́, alábòójútó sì lè lé èèyàn bó bá ṣe wù ú. Lọ́dún yẹn, wọ́n gba agbára yẹn lọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1914, wọ́n kéde dọ́là 5 lóòjọ́, wọ́n sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Iye àwọn tó ń lọ já wálẹ̀ gan-an. Dọ́là 5 yẹn ni gbogbo ayé ń rántí, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fojú kéré ti àwọn alábòójútó.

Bíbi ẹni tó ń lọ léèrè ìdí kì í sábà tú àṣírí. Ó ṣì lè nílò kí ọ̀gá jẹ́rìí òun níbòmíràn, nítorí náà á ní ibi tuntun ló sún mọ́lé. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ẹni tuntun sábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ìwé tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tó ń fi iye èèyàn tó ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan hàn.